Ẹ̀gbọ́n mi kú láìgbàgbọ́: ṣé ó ti ṣègbé nìyẹn?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lọ́dún tó kọjá. Òun ló tọ́ wa lẹ́yìn tí bàbá wa kú, kò fi ohunkóhun dù wá, ṣùgbọ́n kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ wa sọ lórí pẹpẹ pé ẹni tó bá kú bẹ́ẹ̀ ti wà nínú iná, kò sì ní í jáde mọ́ láé. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá wa kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n gbọ́ ìwàásù ẹnì kan tó ń fi Bíbélì sọ pé bó pẹ́ bó yá, gbogbo ènìyàn ni Kristi yóò gbà là, títí kan àwọn tó kú láìgbàgbọ́. Pásítọ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀mí èṣù ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Bí gbogbo ènìyàn bá máa là, kí la wá ń wàásù fún? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe máa láyọ̀ ní ọ̀run nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń jóná? Ẹ má bínú sà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbéèrè mi.”

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́run tu ẹ̀yin àti màmá nínú. Ìbéèrè yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì mọ irú ìrora yìí. Nínú Róòmù orí kẹsàn-án, ó ní ìbànújẹ́ ńlá àti ẹ̀dùn tí kì í dáwọ́ dúró wà lọ́kàn òun nítorí àwọn ará òun tí wọn kò gba Kristi, débi pé òun ìbá gbà kí a gé òun alára kúrò lọ́dọ̀ Kristi nítorí wọn. Kò sẹ́ni tó bá a wí fún ọ̀rọ̀ yẹn. Inú Ìwé Mímọ́ ló wà títí dòní. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ìdájọ́ láìsí omijé lójú ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun mẹ́ta ló so kọ́ra nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: ṣé ìyà ẹni tó bá kọ Ọlọ́run sílẹ̀ lópin, àbí kò lópin? Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo: níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà báyìí? Èyí tó kù, tó sì wúwo jù, ni pé irú Ọlọ́run wo ni mo ń sìn yìí? Pásítọ̀ yín dáhùn èyí àkọ́kọ́, ó sì ṣe é bíi pé èkejì ti tibẹ̀ yanjú. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ má baà máa méfò ibi tí mo dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo gbà pé ọ̀run àpáàdì wà. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn sọnù pátápátá, n kì í sì í kọ́ ẹnikẹ́ni pé dájúdájú gbogbo ènìyàn ni yóò là. Ṣùgbọ́n mo gbà bákan náà pé kò sí pásítọ̀, bíṣọ́ọ̀bù tàbí wòlíì tí Ọlọ́run fún láṣẹ láti na ìka sí òkú kan pàtó kó ní “eléyìí ti ṣègbé.” Méjèèjì ni mo dì mú pọ̀, màá sì gbìyànjú láti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tó ta kókó. Ọ̀pọ̀ tó ń bú àwọn tó gbà pé gbogbo ènìyàn yóò là, ohun tí àwọn yẹn kò sọ ni wọ́n ń bú wọn fún. Nínú àwọn Kristẹni tó di ẹ̀kọ́ yìí mú láti ayé àtijọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ pé kò sí ìdájọ́ tàbí pé kò sí iná. Wọ́n ní iná wà, ó gbóná, ó sì lè pẹ́ gan-an, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jó ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ènìyàn títí onítọ̀hún yóò fi ronú pìwà dà, tí yóò sì wólẹ̀ fún Kristi tinútinú. Wọn kò sọ pé gbogbo ẹ̀sìn dọ́gba, wọn kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè dé ọ̀dọ̀ Baba láìgba ọ̀dọ̀ Jésù kọjá. Àwọn kan wà lóde òní tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ojú ìwòye kẹta kan tún wà tí pásítọ̀ yín àti oníwàásù ọ̀hún jọ fò dá. Àwọn tó dì í mú ní ẹni tó bá kọ ìyè sílẹ̀ dópin yóò kú ikú kejì, kò sì ní í sí mọ́. Ìparun náà kò ní àtúnṣe títí láé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò máa jẹ̀rora lọ láìdáwọ́dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Adventist ń kọ́ni. John Stott, àlùfáà Áńgílíkà tí àwọn ajíhìnrere bọ̀wọ̀ fún káàkiri ayé, sọ ní 1988 pé ọkàn òun fà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ sọ̀yà.

Ní ọwọ́ kejì, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ọ̀run àpáàdì lórí pẹpẹ kò ti inú Bíbélì wá. Èṣù oníwo tó ń fi irin gún ènìyàn nínú iná, ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán àti akéwì ló ti wá. Nínú Ìfihàn 20:10, èṣù fúnra rẹ̀ ni wọ́n jù sínú adágún iná. Kò jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. A tún máa ń da ipò òkú pọ̀ mọ́ ọ̀run àpáàdì. Ipò òkú ni ibi tí Májẹ̀mú Láéláé sọ pé tolódodo tẹlẹ́ṣẹ̀ ń lọ. Jékọ́bù pàápàá sọ pé ibẹ̀ lòun yóò bá Jósẹ́fù ọmọ òun lọ. Ọ̀run àpáàdì tí Jésù ń sọ ní tirẹ̀, orúkọ àfonífojì Hínómù ló fi ń pè é, lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù, níbi tí wọ́n ti ń sun ọmọ níná fún òrìṣà Mólékì. Ìfihàn 20:14 sì sọ pé ipò òkú fúnra rẹ̀ ni wọ́n jù sínú adágún iná, nítorí náà a kò lè pe méjèèjì ní ibì kan náà. Ìtàn ọlọ́rọ̀ àti Lásárù tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fi dẹ́rù bani, ipò òkú ló ti ṣẹlẹ̀, kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé, nígbà tí àwọn arákùnrin ọlọ́rọ̀ náà ṣì wà láyé. N kò sọ èyí láti fi pa iná náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwòrán tí kò jẹ́ kí màmá jẹun lè má jẹ́ ohun tí Olúwa sọ.

Tó bá kan Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀dọ̀ òun nìkan ni ẹsẹ Bíbélì wà. Mátíù 25:46 sọ pé àwọn kan yóò kọjá lọ sínú ìyà àìnípẹ̀kun, àwọn olódodo sínú ìyè àìnípẹ̀kun. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù tó kú ní 430, di ẹsẹ yìí mú pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún ìyà àti fún ìyè: ẹni tó bá gé ọ̀kan kúrú ti gé èkejì kúrú. Àwọn tó ta kò ó fèsì pé ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ń sọ ni pé ti ayé tó ń bọ̀ ni, kò fi dandan sọ bó ṣe máa gùn tó. Èsì yẹn ní làákàyè, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí Jésù to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gbólóhùn kan. Ìfihàn 14:11 náà wà, tó ní èéfín oró wọn ń gòkè láé àti láéláé. Bí a bá sì yíjú sí àwọn ẹsẹ tó ń sọ̀rọ̀ ìparun, Mátíù 10:28 ní kí a bẹ̀rù Ẹni tó lè pa ọkàn àti ara run. Róòmù 6:23 pe èrè ẹ̀ṣẹ̀ ní ikú. Kòkòrò tí kì í kú tí Máàkù 9 mẹ́nu bà, Àìsáyà 66:24 ni Jésù ti fà á yọ, ara òkú sì ni kòkòrò náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn tó ní gbogbo ènìyàn yóò là, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ kì í ka àwọn ẹsẹ yìí sókè. Róòmù 5:18 ní bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ti mú ìdálẹ́bi wá sórí gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni òdodo ẹnì kan mú ìdáláre wá fún gbogbo ènìyàn. 1 Kọ́ríńtì 15:22 ní bí gbogbo ènìyàn ti kú nínú Ádámù, bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ gbogbo ènìyàn di alààyè nínú Kristi. Ní ẹsẹ 28, Ọlọ́run yóò jẹ́ ohun gbogbo nínú ohun gbogbo. Kólósè 1:20 ní nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àgbélébùú, Ọlọ́run bá ohun gbogbo làjà, ti ayé àti ti ọ̀run. Róòmù 11:32 ní Ọlọ́run sé gbogbo wọn mọ́ inú àìgbọràn kó lè ṣàánú fún gbogbo wọn. Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé ‘gbogbo’ níbẹ̀ ń tọ́ka sí onírúurú ènìyàn láti inú gbogbo ẹ̀yà. Àlàyé yẹn bá àwọn ibì kan mu, àmọ́ kò rọrùn láti fi í ka Róòmù 5, torí kò sẹ́ni tó ń gé ‘gbogbo’ tó ṣẹ̀ nínú Ádámù kù. Láti ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra iṣẹ́ ìhìnrere, n kò tíì rí ẹni tó to gbogbo ẹsẹ wọ̀nyí jọ láìtẹ díẹ̀ nínú wọn lórí ba. Èmi náà kò lè ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀ kò tíì kà á dáadáa.

Àríyànjiyàn náà kì í sì í ṣe tuntun. Origen ará Alexandria, olùkọ́ ìjọ kan tó kú ní nǹkan bí ọdún 254 lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a lóró nítorí ìgbàgbọ́, kọ́ni pé Ọlọ́run yóò mú ohun gbogbo padà bọ̀ sípò. Gregory ará Nyssa náà kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pé jọ sí Constantinople ní 381, níbi tí wọ́n ti parí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń kà títí dòní. Ẹ tún ìjẹ́wọ́ yẹn kà: ó ní Kristi yóò tún padà wá ṣèdájọ́ alààyè àti òkú, ìjọba rẹ̀ kì yóò sì lópin. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ìyà yóò ti pẹ́ tó. Augustine kọ̀wé pé àwọn Kristẹni tí àánú kò jẹ́ kí wọ́n gba ìyà ayérayé gbọ́ pọ̀ gan-an nígbà tirẹ̀. Ó ta kò wọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n ó ní ìjíròrò àlàáfíà lòun fẹ́ bá wọn ṣe, ó sì pè wọ́n ní oníyọ̀ọ́nú. Ó wù mí kí àwọn tó ń lo ẹ̀kọ́ Augustine lónìí máa lo ahọ́n rẹ̀ náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan le. Ní 543, Ọba Justinian gbé ìwé jáde tó fi gégùn-ún fún ẹ̀kọ́ Origen, èyí tó sọ pé ìyà àwọn ẹ̀mí èṣù àti ènìyàn búburú yóò dópin sì wà lára rẹ̀. Ègún mìíràn tún tẹ̀ lé e ní 553, ní àkókò ìgbìmọ̀ ńlá karùn-ún ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá ìgbìmọ̀ náà gan-an ló fọwọ́ sí wọn. Ohun tí wọ́n dẹ́bi fún níbẹ̀ so mọ́ èrò pé ọkàn ènìyàn ti wà kí a tó bí i. Wọn kò fọwọ́ kan Gregory. Láti ìgbà yẹn, ìyà àìlópin ni púpọ̀ jù lọ ìjọ fi ń kọ́ni. Ìjẹ́wọ́ àwọn Lúthérù ní Augsburg ní 1530 dá àwọn tó ní ìyà yóò dópin lẹ́bi. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀ sínú àwọn òfin ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní 1553, ó sì yọ ọ́ kúrò ní 1563, tí kò dá a padà mọ́. Láìpẹ́ yìí, ní 2004, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Pẹ́ńtíkọ́sì ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà kéde pé aládàámọ̀ ni Carlton Pearson, oníwàásù ńlá kan láàárín wọn, nítorí ó ń kọ́ni pé gbogbo ènìyàn ti là. Ọ̀pọ̀ jaburata nínú ìjọ rẹ̀ ló sì fi í sílẹ̀. Ìtàn yìí ní ohun tó ń sọ fún àwọn méjèèjì. Ó ń sọ fún pásítọ̀ yín pé a kò lè pe ohun tí Gregory sọ ní ẹ̀kọ́ èṣù kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó sì ń sọ fún ẹni tí ẹ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ pé ojú ọ̀nà tí púpọ̀ jù lọ àwọn àgbà ìjọ tọ̀ fún ohun tó lé ní 1,400 ọdún, ènìyàn kì í déédéé yà kúrò níbẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ni.

Kí ló dé tí n kò fi gba ti oníwàásù yẹn pátápátá? Ìdí kan ni ìkìlọ̀ Jésù. Ẹnu Olúwa tó ń gbé ọmọdé mọ́ra, tó ń jẹun pẹ̀lú ẹlẹ́ṣẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù nípa ọ̀run àpáàdì ti jáde. Bí mo bá fọkàn tán an nígbà tó ń sọ ti àánú, n kò lè máa fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn nígbà tó ń kìlọ̀. Ìdí mìíràn ni àwọn tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀. Mo ti jókòó ti àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn nípakúpa, tí apààyàn náà sì ń rìn káàkiri. Ẹ̀kọ́ tó bá sáré dé orí ‘gbogbo wa la ó jọ wà níbẹ̀’ láìkọ́kọ́ dúró síbi ìdájọ́ ń tẹ àwọn ènìyàn yẹn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú Ìfihàn 6, àwọn tí a pa nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń ké pé, yóò ti pẹ́ tó, Olúwa? Ọlọ́run kò ní kí wọ́n dákẹ́. Mo sì tún rí i pé ìfẹ́ kì í fi ipá mú ènìyàn. Mo mọ àwọn tí wọ́n kórìíra ìdáríjì débi pé bí ẹ bá gbé e fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìbínú ni yóò bí nínú wọn. Ṣé Ọlọ́run lè dúró dè wọ́n títí láé? Ó lè ṣe é. Ṣé ó ṣèlérí pé gbogbo wọn yóò yí padà dandan? N kò rí i kà bẹ́ẹ̀ láìsí iyè méjì.

Ti pásítọ̀ yín náà ní ibi tó ti ń mì. Àwọn olùkọ́ ayé àtijọ́ kan, Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà kan rí, ni olórí wọn, ní ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run tí kò lópin ń béèrè ìyà tí kò lópin. Bí mo bá ka Lúùkù 12:47-48, níbi tí Jésù ti ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan yóò jẹ ẹgba púpọ̀, òmíràn yóò jẹ díẹ̀, nítorí ìmọ̀ wọn kò dọ́gba, n kì í rí bí àlàyé yẹn ṣe lè dúró. Àlàyé tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ní ìyà kò lópin torí ìṣọ̀tẹ̀ náà kò lópin, pé inú ni àwọn ará ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé Kristẹni náà, C. S. Lewis, ti sọ ọ́ ní 1940. Síbẹ̀ náà, bí Ọlọ́run yóò ṣe jẹ́ ohun gbogbo nínú ohun gbogbo nígbà tí igun kan nínú ẹ̀dá rẹ̀ kún fún ẹkún tí kò lópin, kò sí ẹni tó tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó yé mi. Nínú ìjà yìí, àwọn tó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò pa run ni mo rò pé wọ́n rí ohun tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì jù, ṣùgbọ́n Ìfihàn 14 àti 20 kò jẹ́ kí n fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ibi tí ìmọ̀ mi dé nìyẹn.

Ìrírí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwé kì í sábà mú kí ènìyàn yí èrò padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ikú ló ń mú un wá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú láìtíì ṣèrìbọmi, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú lójijì. Tí ẹni tó wà lórí pẹpẹ bá sọ̀rọ̀ síni lórí ọgbẹ́ tútù bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀: kí onítọ̀hún gbá ẹ̀kọ́ ìdájọ́ dànù lódindi, tàbí kó máa sin Ọlọ́run tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ràn mọ́. Mo ti rí èkejì ju èkíní lọ, òun ló sì burú jù lójú tèmi, nítorí ẹni náà ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ti kú.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ka Lúùkù 13:23. Ẹnì kan bi Jésù pé, Olúwa, ṣé díẹ̀ ni àwọn tí a ó gbà là? Ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi nìyí. Jésù kò fún un ní iye. Ó yíjú sí wọn, ó ní: ẹ làkàkà láti wọ ẹnu ọ̀nà tóóró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lo ọ̀rọ̀ ìdájọ́ níbi gbogbo: ẹni tó wà níwájú rẹ̀, tó ṣì lè yí padà, ló ń bá wí, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí àwọn Farisí tó mọ Ìwé Mímọ́ lórí. Ìyá tó ń kígbe sí ọmọ rẹ̀ pé kó kúrò létí kànga kò ròyìn pé ọmọ ti já sínú kànga. Kànga náà jìn lóòótọ́. Ìdí tó fi ń kígbe nìyẹn. Àṣìṣe pásítọ̀ yín ni pé ó sọ igbe náà di ìròyìn. Bí ẹnì kan bá ní Jésù sọ ti Júdásì, pé ìbá sàn fún un kí a má bí i, òótọ́ ni. Jésù ló sọ ọ́, ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ènìyàn. Àwa kọ́. Ìjọ Kátólíìkì, tó máa ń kéde pé àwọn kan jẹ́ ẹni mímọ́ ní ọ̀run, kò tíì kéde orúkọ ẹnì kankan rí pé ó wà ní ọ̀run àpáàdì, bẹ́ẹ̀ ó gbà pé ọ̀run àpáàdì wà. Ọgbọ́n ló wà nínú ìyẹn, bí èmi kò tilẹ̀ jẹ́ Kátólíìkì.

N kò sọ pé ìwà rere ẹ̀gbọ́n yín ló gbà á là. Kò sẹ́ni tí ìwà rere gbà là, títí kan èmi tó ń kọ èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò mọ ohun tó kọ̀. Ṣé Kristi fúnra rẹ̀ ló kọ̀, àbí ìwà àwọn tó ń pe orúkọ Kristi níwájú rẹ̀? Ènìyàn lè sá fún ìwàásù nítorí ohun tí oníwàásù ṣe fún un, Ọlọ́run nìkan ló sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. A kò mọ ohun tó kọjá láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ní wákàtí ìkẹyìn. Olè orí igi àgbélébùú kò lọ sí ìsìn kankan, kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn àdúrà rẹ̀. Ká ní a kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ, gbogbo wa la ó kà á mọ́ àwọn tó ṣègbé. Ábúráhámù béèrè nínú Jẹ́nẹ́sísì 18 pé, Onídàájọ́ gbogbo ayé kì yóò ha ṣe èyí tí ó tọ́ bí? Ọwọ́ Onídàájọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n yín wà. N kò lè ṣèlérí fún yín pé ó là. N kò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni búra fún yín pé kò là.

Ẹ béèrè pé bí gbogbo ènìyàn bá máa là, kí la wá ń wàásù fún. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n mẹ́nu ba ìdájọ́, Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní Áténì, ó sì sọ ọ́ fún Fẹ́líksì títí ẹ̀rù fi ba gómìnà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rí ìwàásù kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ṣàpèjúwe oró ọ̀run àpáàdì. Àjíǹde ni wọ́n ń kéde, pé ẹni tí ẹ pa ti jí, pé ìdáríjì wà ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé láìsí iná àìlópin kò sí ohun tí a ó máa wàásù, mo bẹ̀ ẹ́ kó yẹ ohun tó rí nínú Kristi wò.

Ti ayọ̀ ní ọ̀run ló le jù fún mi láti dáhùn. Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ìgbàanì sọ pé àwọn ẹni mímọ́ yóò máa wo ìyà àwọn tó ṣègbé, inú wọn yóò sì dùn sí òdodo Ọlọ́run. N kò gbà á gbọ́, n kì í sì í kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Kò bá omijé Jésù lórí Jerúsálẹ́mù mu. Àwọn mìíràn ní a ó gbàgbé wọn. Ìyẹn náà kò tù mí nínú, nítorí ta ni ẹ ó jẹ́ bí wọ́n bá yọ ẹni tó tọ́ yín kúrò nínú yín? Ohun tí mo ní kò pọ̀: ìfẹ́ tí ẹ ní sí ẹ̀gbọ́n yín, Ọlọ́run ló fi sí yín lọ́kàn, kò sì ṣeé ṣe kí tiyín pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Bí ó bá ní òun yóò nu omijé gbogbo nù, kì í ṣe nípa sísọ wá di ẹni tí kò lójú àánú. Bí yóò ṣe ṣe é kò yé mi.

Ó ku ohun tí ẹ ó ṣe. Bí ọkàn yín bá ń fẹ́ dárúkọ ẹ̀gbọ́n yín nínú àdúrà, ẹ mọ̀ pé ìjọ kò fẹnu kò lórí rẹ̀: Kátólíìkì àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń gbàdúrà fún òkú, ọ̀pọ̀ nínú àwa Pùròtẹ́sítáǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í gbé e kalẹ̀ nínú ìsìn, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ fún ọmọ Ọlọ́run pé orúkọ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ pè níwájú Baba rẹ̀. Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún màmá. Ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ mọ̀. Ẹ má bá a jiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìyà ayérayé, ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ ìjọ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ bi í: ẹsẹ wo ló fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín hàn án? Bó bá gbọ́ràn, tó sì lọ kí màmá nílé, ẹ dúró sí ìjọ yín. Bó bá tún gbé ọ̀rọ̀ òkú náà gun pẹpẹ, ẹ mú màmá lọ máa jọ́sìn níbòmíràn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní apẹ̀yìndà nítorí rẹ̀.